Oró Ejò Ní Ìlú Tirẹ̀: Ìtàn Ìwádìí lórí Purotéènì Oró Ejò ní Nàìjíríà láti Ọdún 1970, àti Ohun tí Ó Fi Kan Ilẹ̀ Àkókó

1. Ìfáárà

Kò sí àgbẹ̀ ní Ṣúpárè, ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́ tí yóò bọ́ sí oko láìfi ọ̀rọ̀ ejò sí ọkàn. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni ilẹ̀ Àkókó, ibẹ̀ sì ni igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí ipò yìí, ejò inú igbó àti ejò inú ọ̀dàn lè jọ máa gbé ní tòsí ara wọn. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ti fún wọn ní orúkọ: ọká, paramọ́lẹ̀, sèbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ti ní ewé, ẹ̀rọ̀ àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dojú kọ oró wọn.

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí oró náà fúnra rẹ̀ ṣe di ohun ìwádìí ní Nàìjíríà: bí ó ṣe kúrò ní ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù nìkan, tí ó di ohun tí wọ́n ń fún láti ẹnu ejò, tí wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n ń tú palẹ̀ láti mọ àwọn purotéènì inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ìwòsàn nínú rẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé oró ejò ní ìlú tirẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí bá béèrè pé ejò wo ni, láti ilẹ̀ wo, ìmọ̀ a máa tẹ̀ síwájú, ẹ̀mí a sì máa là. Nígbà tí orúkọ gbogbogbò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àṣìṣe a máa wọlé, owó rẹ̀ sì ni ẹ̀mí àwọn tí ejò bù jẹ. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò sí ní Àkókó ní pàtàkì. Apá Àríwá Nàìjíríà ni ó pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bí kan Àkókó gan-an.

2. Oró gẹ́gẹ́ bí àkópọ̀ purotéènì

Oró ejò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, ohun tí ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára èyí tí ó kù ni purotéènì àti ègé purotéènì kéékèèké. Òmíràn nínú wọn a máa jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, òmíràn a máa da ìdì ẹ̀jẹ̀ rú, òmíràn a máa pa ẹran ara, òmíràn a sì máa dí ọ̀nà tí àṣẹ ọpọlọ ń gbà dé ọ̀dọ̀ iṣan. Ejò kọ̀ọ̀kan ni ó ní àdàlù tirẹ̀. Ní 1886 ni Weir Mitchell àti Edward Reichert ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé tí ó fi hàn pé purotéènì inú oró ju ẹyọ kan lọ.

Ní 1894, Albert Calmette, àti Césaire Phisalix pẹ̀lú Gabriel Bertrand, kéde ní ilẹ̀ Faransé, láìjọ ṣiṣẹ́ pọ̀, pé bí wọ́n bá ń fún ẹranko ní oró ní ìwọ̀n kékeré díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ní ohun tí ó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ oró náà. Láti ibẹ̀ ni aporó ìgbàlódé ti ṣẹ̀. Calmette gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ pé aporó tí òun fi oró ejò Éṣíà ṣe yóò wúlò fún oró gbogbo. Vital Brazil, oníṣègùn ní São Paulo, ni ó wà lára àwọn tí ó já èrò yìí kulẹ̀. Ó rí i pé aporó tí ó ti Faransé wá kò ran àwọn tí ejò Bràsílì bù jẹ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi oró ejò ilẹ̀ rẹ̀ ṣe èyí tí ó bá a mu. Nínú àríyànjiyàn yìí ni ìlànà ti kọ́kọ́ hàn: bí oró ti rí ni aporó rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí. Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbàgbé ìlànà kan náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

3. Zaria àti àfonífojì Bẹ́núé

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ tí ó fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. David Warrell, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 títí di 1975. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn mẹ́rin jáde tí ó yẹ ní kíkà papọ̀: ti 1974, lórí aporó méjì fún oró ejò Echis, ejò kékeré tí àwọn Haúsá ń pè ní kububuwa, ti 1975, lórí Bitis arietans, tí ó wà lára àwọn tí Yorùbá ń pè ní paramọ́lẹ̀, ti 1976, lórí Naja nigricollis, ejò dúdú tí ń tu oró sí ojú ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí sèbé, àti ti 1977, tí ó tún padà sí orí kububuwa.

Pàtàkì iṣẹ́ wọn ni pé ejò tí ó bu aláìsàn jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá mọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó kọ àkọsílẹ̀ àìsàn náà. Ọ̀nà yìí tú àṣírí kan. Àwọn ìwé ìṣègùn ti kọ́ni pé oró ejò ìdílé sèbé a máa rọ iṣan títí èémí yóò fi dúró. Lára àwọn aláìsàn tí Naja nigricollis bù jẹ ní Zaria, ìrọ iṣan kọ́ ni wọ́n rí. Ohun tí wọ́n rí ni wíwú, ẹran ara tí ó kú tí ó sì ń jẹrà, àti ọgbẹ́ tí kì í tètè jiná. Ìmọ̀ tí a kó láti ara ejò ilẹ̀ mìíràn kò bá ti ilé mu.

Ti kububuwa yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀jẹ̀ ni oró rẹ̀ ń bá jà. Ẹni tí ó bù jẹ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti èrìgì, láti imú, láti ojú ọgbẹ́ àtijọ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Láti mọ ẹni tí ó nílò aporó, wọ́n lo àyẹ̀wò kan tí kò gba owó. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣàn jáde láìdì, oró ti ṣiṣẹ́. Ilé-ìwòsàn ìgbèríko tí kò ní iná mànàmáná pàápàá lè ṣe é, ó sì di àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò káàkiri ayé.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ náà kì í fi í dì hàn kedere sí i ní 1975, nígbà tí Kornalik àti Blombäck kọ̀wé lórí purotéènì kan nínú oró Echis, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ecarin. Iṣẹ́ ecarin jẹ́ òdì sí ohun tí ojú rí: ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni, kì í ṣe pé ó ń dá a dúró. Ó ń jí ohun ìdì tí ó sùn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì wínníwínní káàkiri ara títí ohun tí ara fi ń mú un dì yóò fi tán pátápátá. Nígbà tí ọgbẹ́ bá wá là, kò sí ohun tí yóò dí i mọ́.

Ní 1980, Pugh àti Theakston tẹ ìṣirò jáde lórí ọ̀dàn Nàìjíríà. Ní àfonífojì Bẹ́núé, wọ́n ṣírò pé ejò ń bu ènìyàn 497 jẹ nínú 100,000 lọ́dọọdún, àti pé bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó bù jẹ ni ó ń kú. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

4. Orúkọ ejò àti ikú ènìyàn

Ẹni tí ó bá ka ìròyìn ọdún 1974 àti 1977 yóò rí i pé Echis carinatus ni wọ́n pe kububuwa nínú wọn. Ejò Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní orúkọ yìí ní 1801. Ní 1970 ni Stemmler ya ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kan, tí ó pè ní ocellatus. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé ẹ̀yà tí ó dá dúró ni. Ní 2018, Trape tún pín ìyẹn sí méjì, ó sì sọ àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà lọ sí ìhà Chad ní Echis romani. Láàárín àádọ́ta ọdún, ejò kan náà ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò kúrò ní ibi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn olórúkọ lásán. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù dín aporó tí wọ́n ń ṣe fún Áfíríkà kù, àwọn mìíràn gbé èyí tí owó rẹ̀ kéré wá, tí ó jẹ́ pé oró Echis ti Éṣíà ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ Echis wà lára páálí rẹ̀. Ní Gánà, ìwádìí tí Visser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi irú aporó bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ikú láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú fò láti ìdá 1.8 sí ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 12 yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí Pugh àti Theakston rí ní Bẹ́núé mu. Ìyẹn ni pé wọ́n na owó, wọ́n gún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ikú padà sí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀ ní ìgbèríko. Orúkọ jọ orúkọ; purotéènì kò jọ purotéènì. Àìtó aporó tún le sí i nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sanofi Pasteur dáwọ́ FAV-Afrique dúró ní 2014, tí àwọn ìgò ìkẹyìn sì kọjá ọjọ́ ìlò wọn ní 2016.

5. Aporó láti ara oró ilé

Kí ìṣòro yìí tó le tó bẹ́ẹ̀ ni ètò EchiTAb ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ètò ìlera, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool àti Yunifásítì Oxford ni ó pawọ́ pọ̀ ṣe é. Nasidi, Habib, Warrell àti Theakston wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ètò yìí fi yàtọ̀ ni pé oró ejò Nàìjíríà gan-an ni wọ́n fún àwọn ẹran tí wọ́n fi ṣe aporó.

Oríṣi méjì ni ó jáde. EchiTAb-G, tí àwọn ará Wales ṣe láti ara àgùntàn, dojú kọ oró kububuwa nìkan. EchiTAb-plus-ICP, tí Instituto Clodomiro Picado ti Yunifásítì Costa Rica ṣe láti ara ẹṣin, dojú kọ oró mẹ́ta: ti kububuwa, ti Bitis arietans àti ti Naja nigricollis. Ní ilé-ìwòsàn Kaltungo, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Gombe, wọ́n dán àwọn méjèèjì wò lára ẹni 400 tí kububuwa bù jẹ. Nínú àbọ̀ tí Abubakar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2010, ẹni 194 gba ìgò kan EchiTAb-G, ẹni 206 sì gba ìgò mẹ́ta EchiTAb-plus-ICP. Nígbà tí wákàtí mẹ́fà pé, ẹ̀jẹ̀ 161 nínú àwọn ti ìṣáájú àti 156 nínú àwọn ti ìkẹyìn ti padà ń dì, kò sì tún yẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú ti Zaria ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Aporó Costa Rica dà bí ẹni pé ó yí òwe náà po: ó kó oró ejò mẹ́ta pọ̀ sínú ara ẹṣin kan, kí agbára wọn lè pin papọ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú àṣeyọrí yìí. Láti Nàìjíríà ni oró ti lọ, àwọn aláìsàn Nàìjíríà ni wọ́n fi dán an wò, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe aporó náà. Bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá wọ́n, tàbí tí ọkọ̀ bá pẹ́, ìgò kì í dé Kaltungo, kí á má tilẹ̀ sọ ti ìgbèríko Àkókó.

6. Láti oró dé oògùn àwọn àrùn mìíràn

Ọ̀nà kejì tí ìwádìí oró gbà kì í ṣe láti pa oró, bí kò ṣe láti yá agbára rẹ̀ lò. Alistair Reid, tí ó ṣe dókítà ní Penang ní Málẹ̀, ni ó kíyè sí i ní 1963 pé ejò kan níbẹ̀ a máa gba agbára ìdì lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìpa ẹni tí ó bù jẹ. Láti ara àkíyèsí yìí ni ancrod ti wá, purotéènì tí wọ́n dán wò láti dènà ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan. Reid kan náà ni ó padà dá ẹ̀ka ìwádìí oró sílẹ̀ ní Liverpool, èyí tí ó wá bá Nàìjíríà ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ní Bràsílì, Sérgio Ferreira kọ̀wé ní 1965 lórí àwọn ègé purotéènì inú oró Bothrops jararaca tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ondetti àti Cushman ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ipa rẹ̀, wọ́n ṣe captopril, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981 fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lónìí, oògùn tí ó jẹ́ ẹbí captopril wà lára èyí tí dókítà ń kọ fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé e mì kò mọ̀ pé ẹnu ejò ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ìdílé Echis náà kópa nínú rẹ̀. Ní 1988, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe echistatin, purotéènì kékeré kan nínú oró Echis carinatus, tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà wínníwínní inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àwòṣe ìṣe rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé láti ṣe tirofiban, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998 fún àrùn ọkàn. Ecarin pẹ̀lú di ohun èlò ní yàrá ìwádìí, níbi tí wọ́n ti ń fi í wọn bí oògùn adènà ìdì ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ sí. Purotéènì kan náà tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ di omi ní Bẹ́núé ń ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ ní ibòmíràn.

7. Ewé ilé nínú yàrá ìwádìí

Nínú gbogbo èyí, ipò ìṣègùn ìbílẹ̀ kò rọrùn láti wọ̀n. Ní ìhà kan, gbẹ́rẹ́ sínsín sí ojú ibi tí ejò bù jẹ lè di ewu ńlá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì mọ́; àjọ ìlera àgbáyé kò sì gbà á nímọ̀ràn. Ní ìhà kejì, kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn baba mọ̀ ni ó ṣófo. Hóró wèrèpè, ewéko tí àwọn Yorùbá mọ̀ nítorí yíyún ara rẹ̀, ni àwọn kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà ń gbé mì kí ejò má baà rí wọn gbé ṣe. Aguiyi ti Yunifásítì Jos, pẹ̀lú Guerranti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Siena ní Ítálì, gbé e lọ sí yàrá ìwádìí. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 àti 2002, wọ́n fi hàn lára eku pé ohun inú hóró náà ń mú ara ṣe ohun ìjà tí ó tún dá àwọn purotéènì inú oró Echis mọ̀, nítorí pé purotéènì wèrèpè àti ti oró náà ní ibi tí wọ́n ti jọra.

Èyí kò sọ wèrèpè di aporó fún ènìyàn. Kò sí ìdánwò bíi ti Kaltungo tí ó ti fi ìdí ìyẹn múlẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìmọ̀ ìbílẹ̀ lè wọ inú ìwádìí purotéènì láìsí ẹ̀gàn, bí wọ́n bá dárúkọ ewé kan pàtó, fún oró ejò kan pàtó, tí wọ́n sì dán an wò.

8. Àkókó nínú ìtàn yìí

Àwọn ejò mẹ́ta tí aporó Costa Rica dojú kọ ni wọ́n yàn nítorí ìpalára wọn pọ̀ jù ní Nàìjíríà lápapọ̀, ẹ̀rí tí wọ́n fi yàn wọ́n sì ti inú ọ̀dàn Àríwá wá ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní ibodè igbó àti ọ̀dàn bí ilẹ̀ Àkókó, Bitis gabonica, ejò igbó tí wọ́n sábà ń pè ní ọká, àti Dendroaspis jamesoni, ejò orí igi, kò sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Lóòótọ́, aporó kan lè ran oró ejò tí ó bá ìbátan rẹ̀ tan lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Ìrírí Gánà kọ́ni pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rò lásán láìdán an wò. Orúkọ Yorùbá kan sì lè kó ju ẹ̀yà kan lọ. Bí aláìsàn láti Ṣúpárè bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé paramọ́lẹ̀ ni ó bu òun jẹ, ó ti sọ òtítọ́. Síbẹ̀ òtítọ́ náà kò tíì tó láti mú ìgò.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Zaria kò gba ju dókítà tí ó ní sùúrù, ìgò gíláàsì àti ejò tí wọ́n dá mọ̀. Láti 1999 ni yunifásítì ti wà ní Àkùngbá, láàárín àwọn ìlú Àkókó gan-an. Àkọsílẹ̀ tí yóò so orúkọ tí àgbẹ̀ pe ejò pọ̀ mọ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, àti mọ́ ohun tí oró rẹ̀ ṣe lára aláìsàn, kò kọjá agbára ilẹ̀ yìí.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ní 2017 ni àjọ ìlera àgbáyé fi oró ejò sínú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì, tí wọ́n sì ṣírò pé ó ń pa ènìyàn láàárín 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún. Ní 2019, ó gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú àti àbùkù ara náà kù sí ìlàjì kí 2030 tó pé. Ìtàn tí ó ti Zaria dé Kaltungo fi hàn pé ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹ nípa owó nìkan. Calmette ṣe aṣìṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rò pé oró gbogbo jẹ́ ọ̀kan. Àwọn tí ó ra aporó Éṣíà fún Gánà ṣe aṣìṣe kan náà nítorí pé orúkọ jọra. Àwọn tí ó ṣe àṣeyọrí ni àwọn tí ó bi ejò léèrè ìlú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó ṣì kù láti bi ejò Ṣúpárè, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́.